Owó ẹgbẹ́ wà lórí àkáǹtì akápò, akápò sì ti wọ gbèsè: ọ̀nà wo la lè gbà yọ ọ́?

Akọ̀wé_Onírẹsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Obìnrin 23 ló wà nínú ẹgbẹ́ wa ní Ìgbẹmọ-Èkìtì. Ìrẹsì eléèpo là ń rà, à ń bọ̀ ọ́, à ń sá a, à ń gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, ká tó tà á. Olúkúlùkù dá ₦80,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,840,000, orí àkáǹtì akápò ló sì wà, èyí tó ń lò fún ọjà tirẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ ò ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ kankan.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni pé akápò yá ₦600,000 ní báńkì máíkírò kan l'Ádó-Èkìtì, oṣù kẹrin rèé tí kò ti san nǹkan kan. Wọ́n ti kọ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún yá owó díẹ̀ lórí áàpù. Kì í ṣe olè o, ọjà ló dẹnu kọlẹ̀, kò sì fọwọ́ kan kọ́bọ̀ ẹgbẹ́.

Ṣé olówó rẹ̀ lè mú owó yìí níbi tó wà? Àwọn kan ní ká gbé e sórí àkáǹtì tèmi. Àwọn kan ní ká ṣí àkáǹtì alájọní, kí orúkọ èmi àti akápò jọ wà níbẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ la fẹ́ fi ra ìrẹsì, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n là á yé wa.

Lọ́yà_Òkèsà

Wọ́n lè mú un. Báńkì ò mọ owó ẹgbẹ́, orúkọ àti BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì fi ń mọ èèyàn) tó wà lórí àkáǹtì ló mọ̀. Lójú báńkì, ₦1,840,000 yẹn, akápò ló ni ín títí tí ẹnì kan á fi fi ìwé hàn pé kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀nà tí olówó lè gbà dé ibẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, wọn ò sì jọra. Bí àkáǹtì yẹn bá wà ní báńkì tó yá a lówó gan-an, ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí á ti fún wọn láyè láti yọ owó wọn tààrà, wọn ò nílò ẹnikẹ́ni. Bí ó bá wà ní báńkì mìíràn, GSI (Global Standing Instruction, àṣẹ tí onígbèsè fọwọ́ sí pé kí wọ́n yọ gbèsè rẹ̀ níbikíbi tó bá ní àkáǹtì) wà, ìyẹn náà ò kan kóòtù, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ṣiṣẹ́ báńkì níbí kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀. Áàpù ní tiwọn máa ń lo káàdì ATM tàbí àṣẹ ìyọwó tí onígbèsè fọwọ́ sí lórí fóònù. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni kóòtù.

Ti kóòtù ló lọ́ra jù, òun ló sì fún ẹgbẹ́ yín láyè jù láti sọ̀rọ̀. Olówó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe ẹjọ́, kó jàre, kí adájọ́ sọ iye tí wọ́n jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló lè padà lọ bẹ kóòtù pé kó dí owó onígbèsè tó wà lọ́wọ́ báńkì. Garnishee ni wọ́n ń pe ètò náà, abẹ́ òfin Sheriffs and Civil Process Act ló wà. Ìpele méjì ló ní. Àkọ́kọ́ ni àṣẹ onígbà díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní order nisi: ọjọ́ tó bá dé báńkì, owó yẹn ti dì nìyẹn, akápò kò lè gbé e mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún báńkì àti onígbèsè ní ẹ̀dà àṣẹ náà, ó kéré tán ọjọ́ 14 ṣáájú ọjọ́ tí kóòtù máa gbọ́ ọ. Bí kò bá sí ẹni tó fi ìdí tó yè kooro hàn lọ́jọ́ náà, àṣẹ á di order absolute, báńkì á sì san owó fún olówó.

Àárín ọjọ́ 14 yẹn ni ẹnikẹ́ni tó bá ní “èmi ni mo lowó yìí” gbọ́dọ̀ yọjú. Òfin náà fàyè gba ẹni kẹta láti wá sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ kí adájọ́ tó pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu lásán ò tó. Ìwé àkọsílẹ̀ ìdáwó, orúkọ àti ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san, rìsíìtì, àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ ti yan akápò, sítétímẹ́ǹtì àkáǹtì tó fi hàn pé ₦80,000 ń wọlé lọ́nà 23: gbogbo rẹ̀ lẹ máa so mọ́ ìwé ìbúra. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé akápò á ti da owó ọjà tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹgbẹ́, á ti ná nínú rẹ̀, á ti dá a padà, débi pé adájọ́ ò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹ wo sítétímẹ́ǹtì yẹn lónìí. Bí owó inú rẹ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ ₦1,840,000 nígbà kan rí, ẹjọ́ yín ti rọ̀ díẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ lẹ́tà nìkan ni wọ́n ṣì ń kọ, tí kóòtù ò tíì dá sí i, ẹ ṣì lè gbé owó yín jáde láìrú òfin, nítorí ẹ̀yin lẹ ni ín. Bí ẹ bá ti gbọ́ pé order nisi ti wọ báńkì, ẹ má sún un rárá.

Ìdí_Káńtà

Ẹ jẹ́ kí n gba ti GSI sọ. CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ló gbé e kalẹ̀, NIBSS, iléeṣẹ́ tó so ẹ̀rọ àwọn báńkì pọ̀, ló ń gbé e ṣiṣẹ́ láàárín wọn. Ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 2020 ló bẹ̀rẹ̀, ó sì mú ẹ̀yáwó tí wọ́n yá láti ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 2019 síwájú. Ìgbà tí èèyàn ń yáwó ló ń fọwọ́ sí i, ó sábà máa ń wà láàárín ìwé tí kò sẹ́ni tó ń kà. Kí akápò lọ wo ìwé ẹ̀yáwó tirẹ̀. Bí GSI bá wà níbẹ̀, báńkì ò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ kó tó fi í ṣiṣẹ́.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Báńkì tó yáni lówó á kọ́kọ́ wo àkáǹtì onígbèsè tó wà lọ́dọ̀ tirẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, á ránṣẹ́ sí NIBSS, NIBSS á fi BVN wá gbogbo àkáǹtì tó so mọ́ onítọ̀hún káàkiri báńkì, á sì máa yọ owó títí gbèsè á fi pé. Bí owó inú wọn kò bá tó, èyí tó bá tún wọlé lẹ́yìn ọ̀la á tẹ̀lé e. Òṣómàáló ayé àtijọ́ á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi sanwó fún un. Eléyìí ò lóṣòó, kò kanlẹ̀kùn, òru ló tilẹ̀ fẹ́ràn láti rìn.

Ẹ fọkàn sí oríṣi àkáǹtì tó ń mú: ti ìfowópamọ́, kọ́rẹ́ńtì, dọ́mù (ti owó ilẹ̀ òkèèrè), owó tí wọ́n dè fún èlé, àpò owó orí fóònù, àti àkáǹtì alájọní pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tó ní kí ẹ ṣí alájọní pẹ̀lú akápò, inú pańpẹ́ kan náà ló ń darí yín lọ. BVN akápò ṣì wà níbẹ̀.

Gbígbé e sórí àkáǹtì akọ̀wé, ẹ máa bínú sí mi, kì í ṣe àtúnṣe. BVN ẹlòmíràn lẹ kàn gbé e lé. Bí akọ̀wé bá ń jẹ áàpù kan ní ₦30,000 lọ́la, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti yọ ọ́. Bí akọ̀wé bá sì kú, ẹbí rẹ̀ ló máa bá báńkì sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ìwọ̀n kan wà tí wọn ò gbọ́dọ̀ kọjá. Owó tí wọ́n yá gan-an àti èlé orí rẹ̀ nìkan ni GSI lè yọ, kò gbọ́dọ̀ yọ owó ìtanràn. Ká ní ₦600,000 ni owó, èlé rẹ̀ ₦84,000, ìtanràn ₦45,000. ₦684,000 ni wọ́n lè fi GSI mú, kì í ṣe ₦729,000. Bí wọ́n bá yọ jù, kí akápò kọ̀wé sí báńkì náà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì gidi, kó gbé e lọ sí ẹ̀ka CBN tó ń dáàbò bo oníbàárà, pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́ tí wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ gbígbà sí lára.

Ní ti áàpù, káàdì ATM tí ó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n máa ń fi yọ ọ́. Bí ó bá dí káàdì yẹn, tí ó gba tuntun, ọ̀nà yẹn ti dí, gbèsè ò kú. Àmọ́ àwọn kan nínú wọn kì í lo káàdì. Àṣẹ ìyọwó tààrà ni wọ́n ń lo, èyí tí wọ́n ní kí èèyàn fi ₦50 ránṣẹ́ láti orí àkáǹtì rẹ̀ kó lè fìdí múlẹ̀. Ẹni tó bá rántí pé òun ti fi ₦50 yẹn ránṣẹ́ rí, kó lọ sí báńkì rẹ̀, kó béèrè gbogbo àṣẹ ìyọwó tó wà lórí àkáǹtì, kó sì fi ìwé fagi lé èyí tí kò fẹ́ mọ́. Dídí káàdì kì í pa ìyẹn.

Bàbá_Ìkéré

Kí ni gbogbo ariwo yìí? Ẹ gba owó yín jáde lówùúrọ̀ ọ̀la, kí ẹ kó o sínú àpótí Ìyá Ẹgbẹ́. Tàbí kí akápò gbé e fún ọkọ rẹ̀. Ta ló máa wá a dé ibẹ̀?

Lọ́yà_Òkèsà

Ẹ kú ọgbọ́n, Bàbá, àmọ́ èyí ọkọ yẹn lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Tí onígbèsè bá gbé owó fún ọkọ tàbí àbúrò rẹ̀ nígbà tí lẹ́tà olówó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí adájọ́ máa rí ni ẹni tó ń kó owó pamọ́ fún olówó rẹ̀. Olówó lè lọ gba àṣẹ Mareva, èyí tó ń dí owó kí ẹjọ́ tó parí rárá, nígbà tí ẹ̀rí bá wà pé onígbèsè ń palẹ̀ owó mọ́. Lẹ́yìn ìdájọ́, kóòtù lè pè é kó wá búra sọ gbogbo ohun tó ní àti ibi tó gbé wọn sí. Ẹni tó bá lówó tó kọ̀ tí kò san, adájọ́ lè rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n. Owó ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ yọ yìí á wá dà bí owó tí akápò fi pamọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì máa ti ba ẹ̀rí yín jẹ́.

Àti ti àpótí: iná, olè, eku. Kí ẹ sì ṣírò rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026, ₦500,000 ni ẹnì kan lè gbà lówó lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó bá lé, wọ́n ń gba 3% lórí rẹ̀. Bí akápò bá gba ₦1,840,000 lẹ́ẹ̀kan náà, ₦1,340,000 ló lé, ₦40,200 á lọ sí báńkì. Ó ju ìdajì ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ kan dá lọ díẹ̀.

Akọ̀wé_Onírẹsì

Ẹ ṣeun púpọ̀. A ti gbọ́ pé ká má gbé e sọ́dọ̀ mi. Kí la máa wá ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí ẹgbẹ́ ò ní ìwé? Ìwé wo sì ni ká wá?

Alájẹṣẹ́kù_Adó

Nǹkan méjì nìyẹn, ẹ má dà wọ́n pọ̀.

Ti ọ̀sẹ̀ yìí: ẹ dá owó padà fún àwọn tó dá a. ₦1,840,000 sí ọ̀nà 23 jẹ́ ₦80,000 géérégé, kò ṣẹ́kù kọ́bọ̀. Ẹ ṣèpàdé, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹgbẹ́ pinnu láti dá ìdáwó padà títí àkáǹtì ẹgbẹ́ á fi ṣí, kí gbogbo ẹni tó wá buwọ́ lù ú, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Àkọsílẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ṣáájú owó. Ẹ má san án tán kí ẹ tó wá máa wá ẹni tó máa kọ ọ́. Lẹ́yìn náà kí akápò gbé lẹ́tà kan lọ sí báńkì pẹ̀lú orúkọ 23, nọ́ńbà àkáǹtì wọn, àti “ìdápadà ìdáwó ẹgbẹ́” gẹ́gẹ́ bí ìdí ìsanwó. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ lórí USSD (kóòdù tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù), ₦100,000 lóòjọ́ ni òpin rẹ̀, ọjọ́ 23 lẹ máa lò. Owó ìfiránṣẹ́ jẹ́ ₦50 lórí iye tó bá ju ₦50,000 lọ, ₦1,150 ni gbogbo rẹ̀, láìka owó orí àti owó sítáḿpù mọ́ ọn. Ó sàn ju ₦40,200 lọ. Ohun tó dáa nínú rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí wọ́n lè sọ pé akápò ń fi owó pamọ́ sí lọ́wọ́: àwọn tó dá owó ti gba owó wọn, sítétímẹ́ǹtì sì jẹ́rìí.

Tàbí, bí ìrẹsì eléèpo bá ti wà lọ́jà báyìí, ẹ rà á nísinsìnyí dípò oṣù tó ń bọ̀, kí rìsíìtì jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, kí ẹ gbé àpò sí ilé ìpamọ́ tí kì í ṣe ilé akápò. Èmi kò bá mú ti ìdápadà o, nítorí ìrẹsì tí kò gbẹ dáadáa máa ń hu.

Ti ìwé: ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà tó ń mójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ l'Ádó. Èèyàn 10 ló kéré jù tó lè dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin 23 ti kọjá bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n máa fẹ́ rí ni lẹ́tà ìbéèrè tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, òfin inú ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ ìpàdé, orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú iye tí wọ́n dá, àti àlàyé iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ fẹ́ fowó ṣe. Òṣìṣẹ́ wọn sábà máa ń wá wo ẹgbẹ́ níbi tó wà, kó rí i pé èèyàn gidi ni. Bí ìwé bá jáde, ẹgbẹ́ ti di ẹni òfin fúnra rẹ̀: ó lè lowó, ó lè jẹ gbèsè tirẹ̀, ó lè pe ẹjọ́. Gbèsè akápò ò jẹ́ gbèsè rẹ̀ mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín lọ ṣe orúkọ òwò ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti iléeṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ó yá. Orúkọ òwò kì í ṣe ẹni òfin. Ẹni tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ náà ló ṣì ni owó inú rẹ̀, olówó tó bá jàre rẹ̀ ní kóòtù lè tẹ̀lé e dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọjà ló ń ṣe èyí, tí wọ́n á gbé sábùkéètì kọ́ ògiri, tí ọkàn wọn á balẹ̀ lásán. Ti àwọn alámòójútó, incorporated trustees, láti CAC lágbára ní tirẹ̀, àmọ́ ìkéde ìwé ìròyìn wà níbẹ̀, ó sì gùn; kò bá ẹgbẹ́ oníṣòwò ìrẹsì mu.

Báńkì á béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀, òfin inú ẹgbẹ́, ìpinnu ìpàdé tó dárúkọ báńkì àti àwọn tó máa buwọ́ lù ú, káàdì ìdánimọ̀, fọ́tò àti BVN wọn, nọ́ńbà owó orí ẹgbẹ́, àti ẹni méjì tó máa jẹ́rìí bó bá jẹ́ kọ́rẹ́ńtì. Àwọn kan tún ń béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti owó àìmọ́. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ má san owó fún ẹni tó bá ní òun máa bá yín “sáré” rẹ̀.

Ìdí_Káńtà

Mo fẹ́ fi kún un: BVN tí àwọn olùbuwọ́lùwé bá fún báńkì lórí àkáǹtì ẹgbẹ́, ìdánimọ̀ ni, kì í ṣe pé àwọn ló lowó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé tí káńtà bá gbé síwájú yín kí ẹ tó buwọ́ lù ú, kó má jẹ́ àkáǹtì ẹnì kan ni wọ́n ṣí, tí wọ́n kàn kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orúkọ tó bá jáde nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ fi ₦100 ránṣẹ́ sí i ni ẹ̀rí. Orúkọ ẹgbẹ́ nìkan ló yẹ kó hàn níbẹ̀.

Ẹni mẹ́ta ni kó ní ìbuwọ́lùwé, kí méjì nínú wọn buwọ́ lù ú kí owó tó lè jáde. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e sí báńkì máíkírò, ₦2,000,000 ni NDIC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, lè san bí báńkì náà bá wó. Ti báńkì ńlá jẹ́ ₦5,000,000. Owó yín ti sún mọ́ ₦2,000,000 báyìí, èrè ọdún kan lè ti í kọjá.

Lọ́yà_Òkèsà

Ó ku akápò fúnra rẹ̀, nítorí ẹ ò lè yọ owó yín kí ẹ fi í sílẹ̀ sínú omi. Kó lọ bá báńkì máíkírò náà kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì GSI, kó mú sítétímẹ́ǹtì ẹ̀yáwó lọ́wọ́, kó sì fi ìwé béèrè fún ìsanwó díẹ̀díẹ̀. Kó dárúkọ iye tó dájú pé ọwọ́ òun á tó. Kó san ti oṣù àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tó bá gbé lẹ́tà náà lọ, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Bí ó bá dé kóòtù pàápàá, adájọ́ lè gbà kó máa san án díẹ̀díẹ̀, bí ó bá fi ìṣirò owó tó ń wọlé àti owó tó ń jáde hàn.

Bí ẹnì kan bá fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ọn, Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn tàbí torí àdéhùn tó yẹ̀. Ẹ̀yáwó tí kò rí san wà nínú ìyẹn. Ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí ni kò sí níbẹ̀, ìwà ọ̀daràn ni ìyẹn ní tirẹ̀, kó má kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láti ra àkókò. Àwọn áàpù tó bá ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù rẹ̀, kó ya àwòrán ọ̀rọ̀ náà, kó fi ránṣẹ́ sí FCCPC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà.

Nígbà tó bá san án tán, kó gba lẹ́tà pé gbèsè ti tán, kó sì béèrè ìròyìn ẹ̀yáwó rẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ẹyọ kan lọ́dún. Báńkì máa ń gbàgbé láti pa orúkọ rẹ́.

Akọ̀wé_Onírẹsì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la ṣe ìpàdé sí. Ìbéèrè kan péré: ṣé akápò ṣì lè wà lára àwọn mẹ́ta tó máa buwọ́ lù ú?

Alájẹṣẹ́kù_Adó

Òfin ò ní kó má ṣe é. Ṣùgbọ́n báńkì lè wo àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ̀ kí wọ́n fà sẹ́yìn, ìyẹn á dá ìwé yín dúró. Ẹ yan alága, akọ̀wé àti ẹlòmíràn báyìí, kí akápò máa kọ ìwé owó lọ bó ṣe ń kọ ọ́. Bí gbèsè bá tán, ẹ lè ṣe ìpinnu tuntun, kí ẹ gbé e lọ sí báńkì láti fi ìbuwọ́lùwé rẹ̀ kún un.